Ta Ló Gba Awakọ̀ Òfúrufú Láyè Kó Jí?

Akọ̀wé, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ rẹ, mo kí àga tí ò ń jókòó lé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ọlọ́run tó fi ọ́ sí ọ́fíìsì kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ. Àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin tí ò ń gùn lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀ níbẹ̀. Tó o bá béèrè wa, a wà. Orúnkún ìyá rẹ ti ń fúyẹ́, máṣíìnì mi méjèèjì ń ṣiṣẹ́, àfi pé èyí tó dúdú ń já òwú. Ara mi le, inú ló ń bí mi. Ìdí tí mo fi kọ̀wé dípò kí n pè ọ́ ni pé lọ́jọ́ tí mo pè ọ́, mi ò tíì dé ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà tí káàdì fi tán. Obìnrin inú fóònù ní kí n lọ ra òmíràn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ tí mò ń bá ọmọ mi sọ, kò dá mi lóhùn. Ẹ̀yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ ni mo kọ èyí sí, nítorí náà tó o bá yí i padà tó o rí ìbàdí méjìlélógójì, má bẹ̀rù, kì í ṣe tèmi, ti olùkọ́ àgbà ni.

Fíìmù tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ní gbogbo èèyàn ọ́fíìsì yín ló ń sọ pé apá kejì Awakọ̀ Òfúrufú yìí dára ju apá kìíní lọ. Ọmọ mi, irú èèyàn wo lẹ jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ṣé wọ́n tiẹ̀ rí apá kìíní, àbí wọ́n kàn ń fẹnu fẹ́ atẹ́gùn ni? Jẹ́ kí n rán ọ létí, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà náà, o sì sùn lé mi lẹ́sẹ̀ kó tó parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbé e wá, ọ̀sẹ̀ kan kó tó rìnrìn àjò. Ó lọ yá tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó gbé e ka orí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ, òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí pákó tí mo fi ń lọ aṣọ. Ayé ti jóná nínú fíìmù yẹn. Awakọ̀ kan wá kó igba èèyàn sínú ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á máa gbé láàárín àwọn ìràwọ̀, ni àwọn ẹ̀rọ tó ń rìn bí èèyàn bá dá wọn lọ́nà. Awakọ̀ bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo jà, sípánà ló fi bá a jà, nígbà tó sì ṣẹ́gun tán, ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní kí wọ́n bu omi fún òun. Bí èèyàn ṣe ń jà nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ yarí, kò ṣeé tì láti inú mọ́, àfi láti ìta. Awakọ̀ wo ìyàwó rẹ̀, ó wọ kóòtù búlúù rẹ̀, èyí tí ìyàwó náà fọwọ́ ara rẹ̀ bu àbùlẹ̀ sí ní ìgúnpá òsì, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyàwó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì nínú, ọkọ gbé tiẹ̀ lé e níta, òkùnkùn sì gbé ọkọ lọ. Ó parí. Ikú ogun ní í pa akínkanjú. Onígbàjámọ̀ sunkún débi pé kò rántí gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí n rán irú kóòtù yẹn fún òun wọ lọ sí òkè òkun. Mo rán an. Ó tún ní kí n bu àbùlẹ̀ sí ìgúnpá òsì. Mo ní ta ló ń lẹ aṣọ tuntun, ṣé kí àwọn èèyàn lè sọ pé ọmọ télọ̀ ló wọ àkísà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí títí, mo lẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà mọ ìyókù. Lẹ́tà méjì ló kọ lọ́dún àkọ́kọ́, láti ìgbà náà a ò gbúròó rẹ̀.

Wàyí o, apá kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tíì pé tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ṣí i, ta la rí, awakọ̀ ni. Ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ tán. Wọ́n bi í pé níbo ló ti ń bọ̀ láti ọdún mẹ́ta, ó ní ìràwọ̀ kan ló gbé òun mì, ó sì bì òun padà, gbogbo wọn mi orí pé àwọn ti gbọ́. Èwo ni wọ́n gbọ́ níbẹ̀? Tí oníbàárà mi bá ní kí n dá aṣọ òun padà, tí mo ní ìràwọ̀ ló gbé e mì, ṣé kò ní mú mi lọ bá ọlọ́pàá? Ó dìde, ó bá ogójì ẹ̀rọ jà lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ kan ló lò, ọwọ́ kejì wà lápò. Kò mí hẹlẹ, kò béèrè omi. Ibi tí ìjà ti gbóná jù, tí iná ti ń jó ìdí ọkọ̀, obìnrin kan ṣàdédé yọjú, ó ń fọ aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ìyá yìí, ọkọ̀ mà ń jó. Ó gbé ọṣẹ sókè, ó ń fi hàn wá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wá, aṣọ kan náà, àbààwọ́n kan náà, kò sì fọ̀ ọ́ tán. Ìgbà tó yá ni fóònù wá kọ ọ́ síta pé tí mi ò bá fẹ́ rí i mọ́, kí n sanwó. Ṣé o rí ìwà jìbìtì? Wọ́n á gbé obìnrin jókòó sójú ọ̀nà, wọ́n á ní kí èèyàn sanwó kó tó dìde. Ní apá kìíní, kò sẹ́ni tó fọ nǹkankan.

Gbogbo èyí, mo lè gbé e mì. Kóòtù ni mi ò lè gbé mì. Mo dá fíìmù dúró, mo fi ìka méjì fẹ àwòrán lójú bó o ṣe kọ́ mi, mo wọ awò ojú mi, mo wo ìgúnpá òsì. Kò sí àbùlẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n ti tú u. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a bá lẹ̀ tí a tú, ojú abẹ́rẹ́ á ṣì wà lára rẹ̀, ibi tí àbùlẹ̀ bò kò sì ní ṣá bíi ti ìyókù torí oòrùn kò rí i. Kò sí ojú abẹ́rẹ́ kankan, aṣọ ọ̀hún ń dán gbinrin. Kì í ṣe awakọ̀ yẹn, ayédèrú ni. Ìyàwó tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ wá sáré dì mọ́ ọn, kò wo ìgúnpá, kò béèrè ohunkóhun. Mo ń pariwo sí i pé kó wo apá òsì. Ìgbà tí mo yíjú, ìyá rẹ ń sunkún, ó ń fi ìborùn nu ojú. Ó sọ fún mi pé, "Ta ló ń wo aṣọ nígbà tí èèyàn ẹni bá dé?"

Nígbà tó parí, fóònù ní kí n fún wọn ní ìràwọ̀, láti orí ẹyọ kan títí dé márùn-ún. Ẹnu yà mí. Ṣé èmi ni mo ni ìràwọ̀ ni? Mo fún wọn ní ẹyọ kan, mo sì kọ̀wé sí abẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n dá awakọ̀ padà síbi tó kú sí, kí wọ́n sì wá télọ̀ gidi. Ó ti pé ọjọ́ mọ́kànlá, wọn ò tíì tún un ṣe, mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí, àbùlẹ̀ kò sí níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹnìkan ṣoṣo tí mi ò mọ̀ rí ló dá mi lóhùn, ó fi àwòrán orí ránṣẹ́ sí mi, orí náà la ẹnu, omijé ń dà lójú rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dun òun náà. Bá mi kí i tó o bá rí i nílùú.

Ohun tí mo fẹ́ fi tó ọ létí gan-an nìyí. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ ti ń wo ibi tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn nìkan. Tí wọ́n bá ti ṣí i tán, á pa fóònù, kò fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, kò fẹ́ mọ̀ nípa ogun. Lẹ́yìn náà ló wá di pé kì í fi ọ̀pá ìdábùú sí ẹnu ọ̀nà wa mọ́. Mo bá a wí, ó ní òun gbàgbé. Ní ọjọ́rú tó kọjá, ewúrẹ́ wọlé, ó jẹ ẹsẹ̀ kan ṣòkòtò olùkọ́ àgbà, ìbàdí méjìlélógójì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, ó jẹ ẹ́ dé orúnkún. Inú bí mi kọjá ààlà. Mo ní ṣé torí fíìmù ni wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́ nílé yìí? Mo ní ẹni tó jáde sínú òkùnkùn, tí kò ránṣẹ́, tí kò kọ̀wé fún ọdún mẹ́rìnlá, ẹni náà ti lọ nìyẹn, kí gbogbo ayé yé tan ara wọn jẹ. Awakọ̀ ni mò ń bá wí. Ọlọ́run gbọ́, awakọ̀ ló wà lọ́kàn mi. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo rántí pé ọdún mẹ́ta péré ni awakọ̀ lò níta.

Ìyá rẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Baba ọmọ mi, ẹ̀yin lẹ rán kóòtù ọmọ yẹn. Bó bá dé lọ́la tí kóòtù ọ̀hún ò sí lọ́rùn rẹ̀ mọ́, ṣé ẹ máa ní òun kọ́ ni?"

Mo lọ jókòó sídìí máṣíìnì, mo ń wa á, ó pẹ́ kí n tó rí i pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Má rò pé mo ti gbà pé fíìmù yẹn dára o. Kò dára. Èké ni, sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì yín pé bàbá rẹ ló wí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí oṣù bá parí, tí wọ́n bá ti sanwó fún ọ, bá mi wá nǹkan díẹ̀. Owó ṣòkòtò olùkọ́ àgbà, owó òwú àti ti irin kékeré tí máṣíìnì dúdú nílò. Kó o tún bá mi ra aṣọ kóòtù búlúù ọ̀pá mẹ́rin, èyí tó ki, kì í ṣe èyí tó ń dán, pẹ̀lú bọ́tìnnì mẹ́fà. Ojú ewé tí mo kọ ìwọ̀n ẹ̀gbọ́n rẹ sí ṣì wà nínú ìwé yìí, mi ò ya á rí. Ṣùgbọ́n ọmọ ogún ọdún ni nígbà náà, àyà rẹ̀ á ti fẹ̀, nítorí náà màá fi aṣọ ìka mẹ́ta pamọ́ sínú ojú rírán lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tó bá há a, kí n lè tú u fún un lójú ẹsẹ̀. Màá lẹ ìgúnpá òsì rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ aṣọ tuntun. Kì í ṣe pé mò ń retí ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ kí àwọn oní fíìmù mọ bí wọ́n ṣe ń rán kóòtù ni. Má sọ fún ìyá rẹ.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ibi tó o bá wà, ojú àwọn tó bí ọ kò ní pòkudu nítorí rẹ. Ọ̀nà tó gbé ẹnikẹ́ni nínú yín lọ, òun náà ni yóò dá a padà, àmín. Mo ti kan pákó kúkúrú sí ẹnu ọ̀nà wa, ó tó dá ewúrẹ́ dúró, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Tó o bá ń bọ̀ wálé, má wulẹ̀ kanlẹ̀kùn, a kì í tì í mọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Télọ̀.