Mo Ya Odi Nítorí Orúkọ Ọmọ Rẹ

Oǹdó,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn.

Akínlolú ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àkúrẹ́ níbẹ̀? Ṣé ara Morẹ́nikẹ́ aya rẹ ti ń mókun? Ẹ kú ewu ọmọ, Ọlọ́run tó fún wa yóò bá wa wò ó. Àwa náà wà, ìyá rẹ ń kí yín, ewúrẹ́ rẹ̀ funfun ti bímọ, ọjọ́ náà gan-an ló sì sọ àwọn ọmọ náà lórúkọ.

Kí n tó lọ jìnnà, má bínú sí fóònù. Gbogbo ìgbà tí o pè mí ni mo gbé e, ìwọ ń pariwo hẹ́lò hẹ́lò, èmi sì ń mi orí fún ọ títí ọrùn fi ń dùn mí. O ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe nǹkan kan, èmi ni mo ya odi. Nígbà tí mo rí i pé o ò rí orí mi, mo kọ èsì sára síléètì, mo gbé e sí ẹnu fóònù, àfi bí o ṣe gé e mọ́ mi létí.

Ìwé Lúùkù ni mo kà lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé ọmọ ti wá ṣáájú oṣù rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹjọ tí wọ́n fẹ́ kọ ọmọ Sakaráyà nílà, bàbá ti ya odi, ó ní kí wọ́n gbé wàláà wá, ó kọ orúkọ ọmọ sí i, ahọ́n rẹ̀ sì tú. Mo ní ó yé mi, mo pa ẹnu dé. Àlùfáà ìjọ wa wá sílé, ó ní bàbá ọmọ ni Sakaráyà, kì í ṣe bàbá àgbà. Mo kọ ọ́ fún un pé bàbá ọmọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba, bó bá ya odi, ọ̀gá rẹ̀ á lé e, kí n bá a ya tirẹ̀. Ìyá rẹ kò bínú rárá. Ó ní látọjọ́ tí mo ti fẹ́ òun, òun ò gbádùn ilé báyìí rí. Ẹni bá kí mi ládùúgbò, mo kàn ń juwọ́ sí i, wọ́n sì ti ń sọ pé owó Àkúrẹ́ ló ń gùn mí.

Mo ti fi síléètì bẹ olóólà kó wá bá yín, ìyá rẹ wá ní dókítà kò ní jẹ́ kí abẹ kan ọmọ títí yóò fi kúrò nínú àpótí dígí tó ń mú un gbóná. Kò burú. Ábúráhámù pàápàá ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó kọ ọ́ nílà, kò sì ṣe é ní nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò ní kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀. Ní ti àpótí yẹn, Kìtán tó ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé wa ní irú rẹ̀ tó fi ń pa ẹyin, ó ní kí ẹ máa yí ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gbóná ju èkejì. Ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá wọ́n mọ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ńkọ́? Ọjọ́ kẹjọ ti kọjá. Morẹ́nikẹ́ sunkún sí ìyá rẹ létí, ó ní ìwọ lo ní kí ẹ má tíì sọ ọ́ lórúkọ, pé bí ọmọ tí kò lórúkọ bá lọ, kò ní dùn yín tó èyí tó ní. Akínlolú, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní aginjù, wọn ò kọ ìkankan wọn nílà títí Jóṣúà fi kó wọn jọ, síbẹ̀ gbogbo wọn ló ń jẹ́ orúkọ. Abẹ lè dúró, orúkọ kì í dúró. Mo ń kúnlẹ̀ láràárọ̀, mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ikùn mi fún ọmọ inú àpótí, àpótí mélòó ló sì wà nílé ìwòsàn yẹn?

Àlùfáà tún padà wá, ó ní ṣé mo rántí pé àìgbàgbọ́ ló sọ Sakaráyà di odi. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìwọ lo ò gbàgbọ́ pé ọmọ rẹ á yè, èmi ni mo ń bá ọ san án.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ rán Adélaní, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá, ṣọ́ọ̀kì mi ti ń tán, Kìtán fẹ́ràn iyàn jù. Má fi sí báńkì, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n dárúkọ mi, mo mi orí, ó ní kí ẹni tó kàn wá. Fi owó káàdì kún un, torí lọ́jọ́ tí ahọ́n mi bá tú, ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀.

Ọlọ́run yóò dá ọmọ náà sí, òun ni yóò sin ọ́, o ò ní sin ín. Dìde, lọ síbi àpótí náà, kí o pe orúkọ rẹ̀ sókè kí ìyá rẹ̀ gbọ́, kí ahọ́n mi lè tú. Ìwọ nìkan ni mo ní tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi kún un fún mi. Mo ti kọ ọ́ sí síléètì, kò sì sẹ́ni tó máa pa á rẹ́: Akínkúnmi ni orúkọ rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń retí ohùn ara rẹ̀.