Ẹ̀fọ́ Tó Hù Nínú Ìkòkò Aunty Lọ́lá

Peckham, London
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Uncle Adésànyà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí pé mo gbójúgbóyà kọ̀wé sí yín. Ẹ ti sọ kí ẹ tó lọ pé tí nǹkan kan bá ṣẹlẹ̀, kí n pè yín. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé ògiri ilé wa fẹ́lẹ́, n kò sì fẹ́ kí Mummy gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí tí mo fà á ya. Bí mo bá fa èyí náà ya, ẹ óò dé bá ọ̀rọ̀ náà lójijì, ìyẹn kò sì tọ́ sí yín.

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ara Màmá yín ti ń yá ní Abẹ́òkúta? Mummy sọ pé wọ́n ti ń jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́, pé wọ́n sì ń béèrè oúnjẹ fúnra wọn. Inú wa dùn gan-an. Gbogbo ìjọ ló ń dárúkọ wọn nínú àdúrà ọjọ́rú. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ní ìlera nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ẹ ó fẹ́ gbọ́ nípa àwọn òdòdó ọ́kíìdì yín kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ìkòkò mẹ́fà ni ẹ gbé síwájú ilẹ̀kùn bákónì wa ní oṣù Kọkànlá. Márùn-ún nínú wọn wà dáadáa. Èyí kékeré ti yọ òdòdó méjì, àwọn mẹ́rin yòókù sì ti ń yọrí jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá kan ìṣó láti abẹ́ pákó. Ìkẹfà ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Mo tẹ̀lé gbogbo ohun tí ẹ kọ sínú ìwé. Ẹ kọ ọ́ pé ewé wọn á kú tán, pé ìkòkò á dà bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, pé kí n má bẹ̀rù. Ẹ ní kí n má bomi rin wọ́n, kí òjò má rin wọ́n gbingbin, àmọ́ kí òtútù fọwọ́ bà wọ́n, nítorí láìsí òtútù wọn kò ní sùn, ohun tí kò bá sì sùn kò ní tanná. Nígbà tí omi dì sórí irin bákónì ní oṣù Kìíní, mo dúró lẹ́yìn gíláàsì, ó ń ṣe mí bíi kí n gbé gbogbo wọn wọlé. N kò gbé wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá ẹ̀kọ́ nípa ewéko tí mo yàn ní yunifásítì kì í ṣe àṣìṣe.

Ẹ̀bi tèmi bẹ̀rẹ̀ láti ara páálí kékeré tí ẹ kọ orúkọ sí. Ti ìkòkò ńlá, ìyẹn ìkẹfà yìí, ti ń parẹ́, mo sì yọ ọ́ láti tún un kọ dáadáa kí ẹ tó dé. Mo fi í sáàárín ìwé mi. Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé Àmírà, ọ̀rẹ́ mi, ní Surrey Quays, kí a lè jọ kàwé fún ìdánwò, mo sì lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Páálí náà bá mi lọ, ìkòkò náà sì wà láìní orúkọ.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe fi Mummy sílẹ̀. Ẹ̀yìn tó dùn wọ́n nígbà tí wọ́n ń gbé bàbá arúgbó kan dìde níbi iṣẹ́ ìtọ́jú kò jẹ́ kí wọ́n padà síbi iṣẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, kì í ṣe ẹ̀yìn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù mọ́. Wọn kò kọrin. Aṣọ funfun wọn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn fún bí oṣù mẹ́rin, wọn kò wọ̀ ọ́ lọ sí ìjọ. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, orí àga kan náà nínú ilé ìdáná ni n óò bá wọn, tí wọ́n ń wo ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀.

Nígbà tí mo ti Surrey Quays dé, mo gbọ́ orin láti ẹnu ọ̀nà. Mummy dúró nídìí fèrèsé ilé ìdáná, ìkòkò ńlá yín sì wà níwájú wọn, lókè ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. "Ìmọ́lẹ̀, wá wò ó," ni wọ́n wí. "Ìkòkò Uncle ẹ yìí ṣófo, mo ní kó má ṣòfò. Yanrìn àti òkúta ló kó síbẹ̀. Kí ló fẹ́ hù níbẹ̀? Iṣẹ́ ọgbà kánsù ti ba Uncle ẹ jẹ́ pátápátá." Wọ́n ti gbọ́n yanrìn òkè dànù, wọ́n da ilẹ̀dú sí i, wọ́n gbin èso tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n ti so mọ́ etí gèlè láti ọdún tí wọ́n lọ sílé. Wọ́n ń bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ó ti ń hù, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nídìí.

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Uncle, Mummy ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọ̀la ni n óò sọ ọ́.

Ọ̀la náà di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń kí ẹ̀fọ́ náà: "Ẹ̀yin ọmọ ogun, ẹ jí bí?" Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ewé láìkérora. Lọ́jọ́ Àìkú kan wọ́n lọ aṣọ funfun wọn, wọ́n sì lọ sí ìjọ, wọ́n gbé ẹ̀fọ́ àkọ́so lọ fún ìdúpẹ́. Láàárín ìgbà yẹn ni olùkọ́ wa ní yunifásítì ní kí a kọ àròkọ lórí bí ewéko ṣe ń sùn nínú òtútù àti ohun tí ooru àti omi ń ṣe sí èyí tí wọn kò jẹ́ kó sùn. Orí tábìlì ilé ìdáná ni mo ti kọ ọ́, ìkòkò yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ mi. Wọ́n fún mi ní máàkì tó dára jù lọ tí mo tíì gbà. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.

Mo mọ ohun tó wà nínú ìkòkò náà pẹ̀lú. Ẹ ti sọ fún mi pé Aunty Lọ́lá, ìyàwó yín, ló gbìn ín, pé ọdún márùn-ún ló lò kó tó yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè tí ẹnu rẹ̀ dà bí bàtà ọmọ ọwọ́, pé Aunty sì ti sùn nínú Olúwa ní oṣù mẹ́ta ṣáájú. Gbogbo oṣù Karùn-ún ni ẹ máa ń gbé e síwájú àwòrán wọn. Seth, tí a jọ wà ní kíláàsì, ní kí n yé dààmú: "Rà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Irú kan náà ni. Bàbá yẹn ò lè mọ̀." Mo wá a, mo rí i, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rà á. Àmọ́ mo ń rí yín lọ́kàn mi, tí ẹ gbé ohun tí mo rà síwájú àwòrán Aunty tí ẹ sì ń bá a sọ̀rọ̀. N kò lè ṣe é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Mummy fa ẹ̀fọ́ tó kẹ́yìn tu, wọ́n ní kí n fọ ìkòkò náà kí ẹ má bàa bá a ní ìdọ̀tí. Mo dúró kí wọ́n lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀yìn wọn, mo sì fi ṣíbí wa ilẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò tó yẹ kó le bí okùn bàtà ti rọ̀, ó ń rùn. Ọ̀mùnú mẹ́rin ni mo rí. Mẹ́ta ti jẹrà. Ìkẹrin kò ju hóró àgbàdo lọ. Nígbà tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó le díẹ̀. N kò mọ̀ bóyá ó wà láàyè, tàbí pé ìjẹrà kò tíì dé ibẹ̀ ni. Mo gbìn ín padà sínú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo gbé e sí ibòòji níta. Mo bi olùkọ́ wa pé kí ni mo tún lè ṣe. Wọ́n ní kò sí. Kí n máa dúró. Mo ní títí di ìgbà wo? Wọ́n ní ó lè jẹ́ ọdún kan, ó lè jẹ́ méjì, ó sì lè má hù mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ wò ó. Ilẹ̀ lásán ni mo ń wò.

N kò ní àwíjàre. Bí ọjọ́ yẹn bá tún padà wá, n kò mọ̀ bóyá n óò lè sọ ọ́, ohun tó ń kó ìtìjú bá mi jù nìyẹn.

Kí Olúwa tù yín nínú ju bí èmi ṣe lè tù yín lọ. Kí Ó fún Màmá ní okun, kí Ó ṣọ́ yín lójú ọ̀nà, kí Ó mú yín dé ilé ní ayọ̀. Ọ̀nà àbọ̀ yín kò ní dí.

Èmi ni ọmọ yín ti ilé kejì, tó já yín kulẹ̀,
Ìmọ́lẹ̀olúwa

Mo fi èyí kún un: Ọlábọ̀wálé, tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ wá bá yín ní Abẹ́òkúta. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mummy náà kò mọ nǹkan kan. Wọ́n rò pé ìkòkò òfìfo ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé ti Aunty Lọ́lá ni, n kò rò pé wọ́n á tún fọwọ́ kan ilẹ̀ mọ́. Wọ́n ti di díẹ̀ nínú ẹ̀fọ́ náà sínú ọ̀rá, wọ́n kọ orúkọ yín sí i, ó wà nínú fírísà. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá dé ni àwọn óò sè é fún yín, nítorí inú ìkòkò yín ló ti hù. Uncle, èmi ni kí ẹ bínú sí, bó ṣe wù kí ó pọ̀ tó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ tán, kí ẹ sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ ya lẹ́tà yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mo kọ ọ́.