Tẹlifíṣàn Tó Ń Lẹ Ìka Ọwọ́ Pọ̀

Yàrá Kẹta, Ilé Alájà Méjì,
Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀ Àtijọ́.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ.

Sí Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Àwọn Oníbàárà,
Ọ́fíìsì Ìjọba,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ ṢỌ́Ọ̀BÙ BÁ MI PÀÀRỌ̀ TẸLIFÍṢÀN TÍ ỌMỌ MI ADITÍ FI Ń KỌ́ Ọ̀RỌ̀ SÍSỌ

1. Aránṣọ ni mí. Ilé ni mo ti ń ránṣọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí kí n lè máa fojú tó ọmọ mi kan ṣoṣo tí a ń pè ní Ẹyinjú. Yóò pé ọmọ ọdún márùn-ún láìpẹ́. Láti ìgbà tí mo ti bí i, etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn rárá. Ilé-ìwé girama ni mo kà dé, n kò sì kọ irú lẹ́tà yìí sí ìjọba rí. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú fò ó.

2. Ètò kan wà fún àwọn ọmọdé lórí tẹlifíṣàn ìjọba ní ọ̀sán. Obìnrin kan máa ń dúró ní igun ìsàlẹ̀ níbẹ̀, nínú àpótí kékeré kan, tí yóò máa fi èdè ọwọ́ sọ gbogbo ohun tí àwọn tó kù bá ń fi ẹnu sọ. Olùkọ́ àgbà ilé-ìwé àwọn adití ló gbà mí níyànjú pé kí Ẹyinjú máa wò ó títí àyè yóò fi ṣí sílẹ̀ fún un lọ́dọ̀ wọn, kí èmi náà sì máa wò ó pẹ̀lú rẹ̀, torí ọmọ kì í dá nìkan sọ̀rọ̀. A kò ní tẹlifíṣàn nígbà náà. Èmi àti ọkọ mi, tó ń fi ọkọ̀ pín búrẹ́dì, bá tu owó jọ, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńlá tó wà ní ìkóríta.

3. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ mẹ́ta ni wọ́n gbé kọ́ sí ara ògiri fún àwa tí agbára wa mọ níwọ̀n. LCD ni gbogbo wọn, wọ́n kọ HD sí páálí gbogbo wọn, bákan náà ni wọ́n tóbi, kò sì sí èyí tí owó rẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ti èkejì lọ. Àkọ́kọ́ àti ìkẹta ń fi fíìmù kan hàn láti inú fíláàṣì tí wọ́n kì bọ̀ wọ́n lẹ́yìn: òdòdó tó ń là díẹ̀díẹ̀, ẹja tó ń wẹ̀ bí ẹni pé oorun ń kùn ún, òkè tí kò mira. Wọ́n ń dán gbinrin. Ti àárín nìkan ni wọ́n so mọ́ eríà orí òrùlé, ìròyìn ló sì wà lórí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yòókù, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ títí tó fi ṣá.

4. Mo bẹ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé kó jọ̀wọ́ gbé ìròyìn náà sórí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí ọwọ́ èèyàn ni mo wá wò, kì í ṣe ẹja. Ó ní okùn eríà kan ṣoṣo làwọn ní, ti àárín ló sì dé. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohun tó fi ìpẹ́ ara ẹja hàn báyìí, ṣé ọwọ́ èèyàn ni yóò wá pòórá lójú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ẹyinjú pàápàá ti lọ fi imú kan gíláàsì ìkẹta, ó ń tẹ̀ lé ẹja. Òun la gbé. N kò pe ọ̀gá náà ní oníjìbìtì o. Òun fúnra rẹ̀ ló bá ọkọ mi gbé páálí náà sínú ọkọ̀, ó sì fún ọmọ mi ní bisikíìtì.

5. Lórí tẹlifíṣàn tí a gbé délé yìí, bí obìnrin inú àpótí náà bá gbé ọwọ́ dúró, ìka rẹ̀ pé márààrún. Ṣùgbọ́n bó bá ti ń sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ ń yára, àwọn ìka á lẹ̀ pọ̀, òjìji á máa wọ́ tẹ̀ lé wọn bí èéfín, ọwọ́ á wá rí bí ìgbakọ. Àwọn àgbà ní ìka kò dọ́gba. Ní ilé tiwa, ṣe ni gbogbo wọn di ẹyọ kan. N kò mọ̀ pé àìsàn tẹlifíṣàn ni. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń sọ èdè náà nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹyinjú ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ìwọ̀nba tí oorun jẹ́ kó kọ́. Inú wa dùn, ẹ̀yin ọ̀gá. Ilé wa tó ti ń pa lọ́lọ́ kún fún ọ̀rọ̀. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi kọ́kọ́ sọ fún mi pé bàtà òun ti há, mo sì ń sunkún bí ẹni tí wọ́n kí kú oríire.

6. Nígbà tí ilé-ìwé pè wá, olùkọ́ àgbà fi ọwọ́ bi Ẹyinjú léèrè ohun tó máa ń ṣe nílé. Ọmọ mi rojọ́, ó rò ó tayọ̀tayọ̀. Olùkọ́ wò ó títí, ó wá rọra bi mí pé ṣé ẹni tó ń kọ́ ọmọ yìí máa ń wọ ìbọ̀wọ́ ni? Mo rẹ́rìn-ín. Mo fi ọwọ́ dá a lóhùn, ó rí i pé tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín bá tán lẹ́nu èmi àti òun. Ó ṣàlàyé pé nínú èdè ọwọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn, ọ̀nà kan náà ni ọwọ́ ń gbà lọ fún omi àti fún iná: ìka tó ṣí tàbí ìka tó pa dé ló yà wọ́n. Bí ọmọ mi bá sáré jáde láti ilé ìdáná wá bá mi, n kò ní mọ èwo ló ń pè. Olùkọ́ ní òun yóò tún wò ó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì là, ọmọ mìíràn ni yóò gba àyè náà, ó di ọdún tó ń bọ̀.

7. A pe alátùn-únṣe. Ó dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, ó yí gbogbo ohun tó ṣeé yí, ó ní gíláàsì náà ló lọ́ra, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Ìgbà náà ni a rántí pé irú tẹlifíṣàn ti àárín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni ìyá onílé wa ní. A gbé tiwa lọ sí yàrá rẹ̀, a tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a so wọ́n mọ́ eríà kan náà. Ìyá onílé, tó ti ń bú tirẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rí bí tiwa ṣe ń dán, kò tún bú u mọ́. Lórí tirẹ̀, ìka ń ṣí, ìka ń pa dé, èèyàn lè kà wọ́n. Ẹyinjú wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá kọ ẹ̀yìn sí tiwa. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó ń wo àwọn ìka rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ni. À bá máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, àmọ́ ìyá onílé ti rin ìrìn-àjò lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀, ó sì ti yàrá rẹ̀ pa.

8. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní àwòrán ń jáde, ohùn ń jáde, kí ló kù? Ó tilẹ̀ yin ohùn náà fún mi. Mo ní, ọ̀gá, ohùn kọ́ ni ọmọ mi ń gbọ́. Mo rí i pé ó dùn ún. Síbẹ̀, ó ní òfin ni pé ọjà tí a bá ti tú páálí rẹ̀ kì í padà, àfi tó bá bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ, tẹlifíṣàn náà kò bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe fi àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn níwájú mi ló bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá a tajà sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sọ fún mi, n kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, torí oyún wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹnikẹ́ni má bi í.

9. Ẹ̀bẹ̀ mi nìyí: kí ẹ bá mi bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ kí oṣù yìí tó parí, kó gba èyí, kó fún mi ní ti àárín. Páálí rẹ̀ ṣì wà, kò sí ìlà kan lára rẹ̀. Àti pé ṣọ́ọ̀bù tó bá to tẹlifíṣàn síta fún èèyàn láti yàn, kí ẹ jẹ́ kó fi ètò kan náà hàn lórí gbogbo wọn, kí èèyàn tó ń rìn sì wà nínú rẹ̀. Aṣọ lásán, a máa ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà wò lójú oòrùn kí a tó rà á.

10. Mo ti fi aṣọ bo tẹlifíṣàn náà, kó má baà tún ṣi ọmọ mi kọ́. Lánàá, bí àkókò ètò náà ṣe tó, Ẹyinjú ká aṣọ náà kúrò, ó sì tàn án. Nígbà tí mo wọlé, ó ti sún mọ́ gíláàsì pẹ́kípẹ́kí, ó ń fi èékánná rẹ̀ ha igun ìsàlẹ̀ yẹn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tú ìránṣọ. Mo bi í léèrè ohun tó ń ṣe. Ó ní òun ń bá àǹtí náà ya ìka rẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ẹ̀yin ọ̀gá. Tiyín tó o. Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mo ń wo ojú ọ̀nà,

Ìyá Ẹyinjú,
Aránṣọ.