Orin Sààrì Bàbá Mi Tí Mo Sẹ́ ní Ìkòròdú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ níbi tí mo wà. Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi Sàfú, ẹ kú ìtọ́jú wọn.

Ara mi le. Òjò Ìkòròdú kò jẹ́ kí aṣọ gbẹ láti ọjọ́ mẹ́rin, iṣẹ́ sì kún ilé ìtẹ̀wé wa. Mò ń to lẹ́tà òjé títí ìka mi á fi dúdú. Bí mo bá padà sí yàrá, kò sí ẹni tí yóò bi mí bóyá mo ti jẹun. Ṣùgbọ́n èyí kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Ojú ń tì mí, Bàbá.

Ẹ rántí bàbá arúgbó tó ni ilé tí mò ń gbé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ dùùrù, tó sì ń kọ orin sórí ìwé. Lóṣù tó kọjá, àwọn ẹgbẹ́ akọrin Ìkòròdú, Ìgbògbò àti Ibeshe pawọ́ pọ̀, wọ́n ní gbogbo orin tó ti kọ láyé rẹ̀ ni àwọn yóò kọ tán láàárín ọjọ́ márùn-ún. Àwa la tẹ ìwé ètò wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn orin náà, ẹ̀yin lẹ ni ín. Èyí tí ẹ fi ń jí àdúgbò sí sààrì ni. Mò ń kọ ọ́ lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń fọṣọ, bàbá náà gbọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ṣètò rẹ̀ sí ohùn mẹ́rin. Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ètò, ó wá bá mi níbi iṣẹ́, ó ní òun kò gbọdọ̀ gba orin olórin, kí n to orúkọ ẹni tó dá a síbẹ̀. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń gbọ́. Àwọn yìí ló máa ń fi ajísààrì ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní alágbe ni wọ́n, pé nítorí sààrà ni wọ́n ṣe ń ti ojúlé dé ojúlé. Mo ní mi ò mọ ẹni tó dá a. Ọwọ́ ara mi ni mo fi tò ó sínú ìwé pé kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dá a.

Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ kọ ọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí. Bàbá arúgbó yíjú sí wa, ó ní bí ẹnì kan bá mọ ìdílé tó ni orin yìí, kó dìde kí òun lè kí wọn. Mo jókòó, mò ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní ilé là á ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo kó ti yín ròde, mo sì ní mi ò mọ ilé tí mo ti kó o.

Lánàá ni mo tó jẹ́wọ́ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n bi yín bóyá ẹ gbà kí wọ́n tún máa kọ ọ́, pé bí ẹ kò bá gbà, òun yóò yọ ọ́ kúrò nínú orin òun.

Bàbá, gbangba ni mo ti sẹ́ yín, ìdí nìyí tí mo fi tẹ lẹ́tà yìí kí gbogbo ayé lè kà á. Bàbá mi, ajísààrì ní Ẹ̀pẹ́, ló dá orin náà.

Kí Ọlọ́run dá yín sí, kí n lè wá tọrọ àforíjì lójúkojú. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn tí ẹ jọ ń jí sààrì.

Èmi ni ọmọ yín, bí ẹ bá ṣì gbà mí bẹ́ẹ̀,
Ràfíù.