Ìdákẹ́jẹ́ Inú Yàrá Mi

Ọjọ́bọ̀, 27 Oṣù Agẹmọ

Mo ti ríṣẹ́. Iṣẹ́ gidi, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́. Nang Purita, aránṣọ ìsàlẹ̀ àdúgbò, ló ní kí n ṣe fídíò ìrántí ọkọ òun. Nong Dulo — Nong fún àgbà ọkùnrin, Nang fún àgbà obìnrin. Ó kú sínú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ní Ọjọ́ Ajé — ọkàn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ wo fídíò náà ní ogójì ọjọ́, lẹ́yìn àdúrà, kí ẹ̀mí rẹ̀ tó gbéra lọ pátápátá.

Mo lọ bá wọn níbi àìsùn òkú. Bisikíìtì, kọfí, àwọn ọkùnrin ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí. Nang Purita fa fóònù ọkọ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Òjò dé. Mo ki fóònù bọ àyà, mo sáré wálé tààrà.

Tààrà yẹn ni Lola, ìyá ìyá mi, gbá mú. Ṣé n ò yà síbì kankan ni? Ṣé n ò lè dúró ra búrẹ́dì, kí ẹni tó bá tẹ̀ lé mi láti ibi òkú ṣì mí mú fún ẹlòmíì? Mo ní òjò ń rọ̀. Ó ní mo ti mú un wálé nìyẹn, ó sì lọ gbé omi kọfí kaná. Èmi ò ráyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ wà nílẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 31 Oṣù Agẹmọ

Wọ́n sin ín. Mo yà ra búrẹ́dì kí n tó wálé. Lola ní ẹ̀yìn ìgbà tí àlejò ti wọlé ni mo ń ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Ògún

Ẹnu Nong Dulo ń ṣáájú ohùn rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín tán kí n tó gbọ́ ẹ̀rín. Bí fídíò bá ṣe gùn tó ni ohùn ń jìnnà sí ẹnu tó.

Mo lọ bá Olùkọ́ Àìrí — ọkùnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí mò ń wò kọ́ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló máa ń hàn. Ó ní ohun tó wọ́pọ̀ ni. Fóònù kì í ya iye àwòrán kan náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ó ń sáré, ó ń falẹ̀. Kéèyàn kọ́kọ́ sọ gbogbo rẹ̀ di ìwọ̀n kan kó tó gé ohunkóhun. Èmi ti gé ìdajì. Mo dà á nù, mo tún bẹ̀rẹ̀. Arúgbó — kọ̀ǹpútà mi — ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹtì, 4 Oṣù Ògún

Ẹnu àti ohùn ti bára mu. Inú mi dùn, mo jó díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi. Mo rò bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 7 Oṣù Ògún

Mo lọ gba àwòrán ìgbéyàwó wọn lọ́wọ́ Nang Purita. Ó ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ ilé ìwé ọmọ ọlọ́mọ. Kò wò mí nígbà tó ń sọ̀rọ̀.

Òun àti Nong Dulo jà láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Nítorí àwọ̀n tí ọkọ rẹ̀ yá ẹnì kan láìsọ fún un. Nǹkan kékeré. Ó ní, "Mo ní tó bá ti lọ, kó má padà wá sílé yìí mọ́. Inday, ọmọ mi, ó sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Òkú gbogbo èèyàn ló ń wá kí wọn, ó ní. Ti arábìnrin rẹ̀ wá lójú àlá. Ti ará iwájú ilé di labalábá sórí àga. Tirẹ̀ kò wá. Ó dá a lójú pé ó ń bínú sí òun ni.

Bí wọ́n bá jà tẹ́lẹ̀, Nong Dulo kì í kanlẹ̀kùn. Yóò dúró lẹ́nu géètì, yóò súfèé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Tí Nang Purita bá ti ṣí i, ìjà parí nìyẹn, wọn kì í mẹ́nu kàn án mọ́. Láti ọjọ́ tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé ni Nang Purita ti ń tẹ́tí. Ó máa ń pa ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́nu iṣẹ́ kó lè gbọ́.

Àánú rẹ̀ ṣe mí dé egungun.

Àbámẹ́ta, 12 Oṣù Ògún

Gbogbo àwòrán di pupa lójú Arúgbó: kò rí fáìlì. Mo kígbe pe Lola. Kì í ṣe òkú — èmi ni mo kó wọn sí àpò fáìlì míràn láàárọ̀. Orí mi ò pé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Ògún

Arúgbó kò fẹ́ parí fídíò. Ibì kan náà ló ń kú sí ní gbogbo ìgbà: ibi tí Nong Dulo ti bojú wẹ̀yìn lẹ́nu géètì wọn. Olùkọ́ Àìrí ní àwòrán kan ṣoṣo ló bàjẹ́ níbẹ̀, kí n yọ ọ́, kí n fi èyí tó ṣáájú rẹ̀ dí àlàfo náà. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó kọjá.

Lola wò ó lẹ́yìn mi. Ó ní ọkùnrin náà ń wá ibi tó máa yà sí.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Ògún

Lola bu ìrẹsì sí àwo mẹ́ta. Àwa méjì la wà nílé.

Òórùn sìgá nínú yàrá mi. Èmi ò mu ún. Lola ò mu ún.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Ògún

Ibi tí mo bá ti gé Nong Dulo, ohùn a já sínú òfìfo, etí a ta gìrì. Olùkọ́ Àìrí ní ìdákẹ́jẹ́ pàápàá ní ohùn tirẹ̀; ká gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀, ká tẹ́ ẹ sábẹ́ gbogbo ibi tá a gé. Àmọ́ nínú fóònù yẹn, níbo la ti fẹ́ rí ìdákẹ́jẹ́? Òkun, àkùkọ, aládùúgbò tó ń kọrin sí makirofóònù. Mo bá gba ti yàrá mi. Ọ̀sán gangan. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa fáànù, mo jókòó bí ère.

Mo fi íápíìsì gbọ́ ọ.

Súfèé. Ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú.

Mo sáré jáde sójú títì. Oòrùn. Ajá kan sùn. Kò sí ẹnì kankan.

Ẹtì, 25 Oṣù Ògún

Ó lè jẹ́ ẹyẹ. Ó lè jẹ́ ọlọ́kadà. Mo tún gbà á. Ó tún wà níbẹ̀, ó sì sún mọ́ mi sí i.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 29 Oṣù Ògún

Mo mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ariwo. Èèyàn á fi àmì yí i ká lójú kọ̀ǹpútà, á tẹ bọ́tìnnì kan, ó tán. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀.

Ariwo kì í wà nínú iṣẹ́ tó mọ́. Tí mo bá sì fi í sílẹ̀, Nang Purita á bi mí ibi tí mo ti rí i. Kí ni màá sọ? Pé ó ń tẹ́tí lẹ́nu géètì, ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi? Pé nítorí òjò lásán? Ojú ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Kí n sọ òótọ́ síhìn-ín: ó ti mọ́ mi lára. Mo ti ń kí i láàárọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Lola. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ìwọ lo gbé e wá, ìwọ lo máa gbé e padà."

Mo ní nínú kí ni.

"Nínú nǹkan tó ò ń ṣe yẹn náà."

N ò tẹ bọ́tìnnì náà.

Ẹtì, 1 Oṣù Owewe

Wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri lágbàlá. Wọ́n gbàdúrà. Wọ́n bu oúnjẹ Nong Dulo síwájú àwòrán rẹ̀: ìrẹsì, ẹja yíyan, sìgá kan. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń làágùn.

Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń jó. Wọ́n sunkún níbi ìgbéyàwó. Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́nu géètì, ojú aṣọ di dúdú. Ibẹ̀ ni mo tẹ́ ìdákẹ́jẹ́ sí.

Ó súfèé.

Nang Purita dìde. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá lọ sẹ́nu géètì, ó fà á, ó ṣí i gbayawu.

"Wọlé," ó ní. "Oúnjẹ ti ń tutù."

Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọwọ́ lára irin. Lẹ́yìn náà ló ti géètì, ó padà wá jókòó, ó sì sunkún tẹ́rùntẹ́rùn.

Nígbà tí mo ń kó wáyà mi jọ, ó wá bá mi. Mo ti múra láti ṣàlàyé. Kò bi mí ibi tí mo ti rí i. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Ṣé ó jẹun dáadáa lọ́dọ̀ yín?"

Mo ní Lola ń bu tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó mi orí, ó dúpẹ́, ó lọ bá àwọn àlejò.

Mo yà síbi oníbúrẹ́dì. Mo pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, àwo méjì ni Lola gbé kalẹ̀.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Owewe

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo pa fáànù. Mo gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá mi sílẹ̀.

Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ dé ìparí, mo sì tún gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀.