Ọkọ Mi Kò Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Ẹnikẹ́ni

Ilé Careen,
Òkè Ṣọ́ọ̀ṣì,
Gusset Cove,
Newfoundland.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹta, ọdún 2019.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Olùrànlọ́wọ́ Fíìmù Erékùṣù,
St. John's,
Newfoundland.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÌFẸ̀HÓNÚHÀN LÓRÍ FÍÌMÙ "ÒKUN KÒ GBÀ WÁ", ÀTI Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ WỌ́N TÚN APÁ IBI TÍ WỌ́N TI TI ILẸ̀KÙN YÀ KÍ WỌ́N TÓ FI FÍÌMÙ NÁÀ HAN GBOGBO AYÉ

1. Èmi ni Loretta Careen, opó Ambrose Careen. Ọkọ mi wà lára àwọn tó gba àwọn atukọ̀ Pọ́túgà mẹ́rin là ní àpáta Gusset Cove ní oṣù Kìíní ọdún 1967. Fíìmù tí ìgbìmọ̀ yín fi owó àti orúkọ rẹ̀ tì lẹ́yìn sọ pé ìtàn yẹn lòun ń sọ. Nínú fíìmù náà, ọkọ mi ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń kú lọ, ó sì na ìbọn sí i láti ojú fèrèsé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n gbé kálàmù nìyẹn.

2. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé mo kórìíra fíìmù. Nígbà tí àwọn òṣèré dé lọ́dún tó kọjá, gbogbo abúlé ló ń gbọ́únjẹ fún wọn. Èmi yá wọn nílé mi, mo sì lọ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin mi ní St. John's, níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lójú. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó ṣe Ambrose rẹwà débi pé Ambrose fúnra rẹ̀ ìbá ṣọpẹ́. Nígbà tí mo bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ilé ìdáná mi, wọ́n ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ máa gbádùn ẹ̀." Mo fọkàn balẹ̀. Wọ́n jẹ gbogbo ẹja gbígbẹ tó wà nílé, n kò bínú síyẹn.

3. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé díẹ̀ nínú fíìmù náà, tòun ti ibi tí wọ́n ti na ìbọn, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi polówó rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni Graça Vilarinho pè mí láti Pọ́túgà. Ọmọ Joaquim Vilarinho ni, ọ̀kan nínú àwọn atukọ̀ mẹ́rin náà. Ọdọọdún la máa ń pe ara wa nígbà Kérésìmesì, tí a ó máa pariwo mọ́ ara wa létí nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ èdè ẹnì kejì dáadáa. Lọ́jọ́ yìí, kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Mama Loretta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bàbá wa sọ fún wa títí tó fi kú pé ijó ni wọ́n fi kí òun káàbọ̀ nílé yín. Ṣé irọ́ ló ń pa fún wa ni?"

Mo ní kì í ṣe irọ́. Ó ní, "Ìbọn yẹn ńkọ́?" Mo ní ìbọn wà, ẹ̀yìn sítóòfù ló wà, ẹyẹ la fi ń pa. Mo gbọ́ tó ń sunkún lórí ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn. Ojú tì mí nítorí ohun tí a kò ṣe.

4. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ erékùṣù yìí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ṣùgbọ́n Toronto ni Ọ̀gbẹ́ni Tristan Hale, olùdarí fíìmù náà, ti wá. Ẹ bá mi fi ìpínrọ̀ yìí hàn án. Láti ọjọ́ Kérésìmesì títí di ọjọ́ kẹfà ọdún ni àwọn abòjú máa ń jáde lọ́dọ̀ wa. Àgbàlagbà ni wọ́n o. Wọn a fi aṣọ bojú, ọkùnrin a wọ síkẹ́ẹ̀tì ìyàwó rẹ̀, obìnrin a wọ bàtà òjò ọkọ rẹ̀, wọn a di ìrọ̀rí mọ́kùn, wọn a sì wá kan ilẹ̀kùn. Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa: ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn ní Gusset Cove. Ṣe la máa ń ṣí i wọlé. Abòjú nìkan ló ń kàn án. Tí wọ́n bá wọlé tán, wọn a máa mí sínú bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, kí a má bàa dá ohùn wọn mọ̀. Iṣẹ́ tiwa ni ká máa dárúkọ ènìyàn títí a ó fi mọ ẹni tó jẹ́, kí a sì ní kó jó fún wa. Ìgbà tí a bá mọ̀ ọ́n ni yóò ṣíjú, tí a ó fún un ní kéèkì àti ọtí.

5. Ọjọ́ kejì ọdún 1967 ni. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n a kò tíì jẹun alẹ́. Òjò dídì ń rọ̀ lóde. Àwa tó wà ní ìdáná ni Ambrose, èmi, Cyril àbúrò ọkọ mi tó ń fi orin akọ́díọ̀nù rẹ̀ da ilé rú, àti Leander Foley aládùúgbò wa. La bá gbọ́ tí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Inú gbogbo wa dùn. Ambrose fò dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, ó ní, "Ẹ wọlé, ẹ̀yin òbúrẹ́wà wọ̀nyí, ẹ kó òtútù yín dání!"

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló wọlé. Ó wọ aṣọ òjò tó tóbi jù ú lọ, ó fi ìborùn wé orí àti ojú, yìnyín sì ti bo ìborùn náà. Ó ń mí sínú, hẹ́ẹ̀, hẹ́ẹ̀, ó ń sọ ohun tí a kò gbọ́. Ẹ̀yin Ọ̀gá, abòjú tó dáńtọ́ jù tí a tíì rí láyé wa nìyẹn.

Leander pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n! Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ yìí. Billy Power ni!"

Ambrose ní, "Billy kẹ̀? Ṣé bí ẹsẹ̀ Billy ṣe rí nìyẹn? Gerald, ìwọ nìyẹn, àbí? Ọ̀lẹ, jó ká rí ẹ!"

Cyril fa akọ́díọ̀nù. Mo di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, ó sì jó. Bí mo ṣe ń wí yìí, ó jó. Nígbà tó yá, tó ti rí ẹnu sọ̀rọ̀, ó ní òun rò pé bí wọ́n ṣe ń tọrọ àánú ní ilẹ̀ wa nìyẹn.

Ambrose ń dárúkọ lọ. Ó pe àwọn Power tán, ó pe àwọn Foley tán, ó pe olùkọ́, ó pe àlùfáà. Ọkùnrin náà ń mirí. Orúkọ wá tán. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ kì í tán, nítorí a mọ gbogbo ẹni tó wà láàárín wa. Mo rí i bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú ọkọ mi. Ó sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan ìborùn náà, ó rí i pé ó ti dì mọ́ irùngbọ̀n. Ó ní, "Jésù! Loretta, kì í ṣe ara wa o."

6. Ọkùnrin náà, Joaquim bàbá Graça, na ìka mẹ́ta, ó nawọ́ sí apá òkun. Ambrose kò wọ kóòtù. Ó fa okùn yọ lára ògiri, ó sáré jáde, Cyril àti Leander sì tẹ̀ lé e. Àwọn mẹ́ta tó kù wà ní abẹ́ àpáta, níbi tí ọkọ̀ ojú omi wọn ti fọ́. Ẹ̀yìn ni wọ́n fi pọ̀n wọ́n gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa obìnrin abúlé bọ́ wọn láṣọ, a fi wọ́n sáàárín bẹ́ẹ̀dì, a fi búlánkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n, orí ilẹ̀ ni àwa sì sùn títí wọ́n fi gbádùn. Gbogbo wọn yè. Abílio nìkan, tó kéré jù nínú wọn, ni òtútù gba ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́ rẹ̀; ó dì débi pé wọ́n gé e.

7. Tó bá jẹ́ ẹ̀bi ni Ọ̀gbẹ́ni Hale ń wá, ẹ̀bi wà níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fi í pa mọ́ fún un. Ambrose gbà títí tó fi kú pé àkókò tí a fi ń jó ló gba ẹsẹ̀ Abílio. Á ní, "Ká ní mo wo ọwọ́ ẹ̀ tó ti dì ni, kí n tó máa bú u." Abílio fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí i pé kó yé dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kò yé. Ẹni tó bá ti jókòó tì í ló ń rò ó fún. Ẹ wá wo ohun tí fíìmù náà kọ ní ìparí: "Ambrose Careen kò tún mẹ́nu ba ọjọ́ náà mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀." Ambrose kẹ̀! Àlùfáà wa ló bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká sinmi.

8. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Hale. Ọmọlúàbí ni, kò já ẹ̀rọ mọ́ mi létí, ó tilẹ̀ fi gbogbo fíìmù náà ránṣẹ́ kí n lè rí i pé ó dára. Ó ní, "Ìyá Careen, mo gbọ́ ìtàn abòjú yẹn. Kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́. Ẹni tó ń kú lọ, ẹ ní kó máa jó? Wọ́n á kàn máa rẹ́rìn-ín ni."

Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣebí àwa náà rẹ́rìn-ín."

Ó ní, "Ìyá, fíìmù gbọ́dọ̀ ní ẹni burúkú."

Mo ní, "Òkun ńkọ́? Ṣé kò burú tó ni?"

Ó ní òkun kì í sọ̀rọ̀. Mo ní ìbọn wa náà kì í sọ̀rọ̀, síbẹ̀ ó rí iṣẹ́ fún un ṣe.

9. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí mo ti dárí wọn jì í. Hẹlikọ́pítà kan wà nínú fíìmù náà. Ohun kan ṣoṣo tó fò ní Gusset Cove lọ́jọ́ yẹn ni fìlà Leander. Obìnrin tó ṣe èmi tú irun sílẹ̀, ó sì ń sunkún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ta ló wá ń se ọbẹ̀? Mo fi gbogbo ìyẹn sílẹ̀. Ti ilẹ̀kùn ni n kò lè fi sílẹ̀, nítorí ọkọ mi kò sí láyé mọ́ láti gbẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

10. Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ pàṣẹ fún Ọ̀gbẹ́ni Hale kó tún apá ibẹ̀ yà. Ìdáná mi wà nílẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Cyril ṣì wà láyé, akọ́díọ̀nù rẹ̀ náà sì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì mọ̀ ọ́n tẹ̀ di òní. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ náà "Ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́" kúrò, kí wọ́n sì yọ orúkọ ọkọ mi àti ti abúlé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Àsìkò Àjíǹde ni wọ́n fẹ́ fi fíìmù náà hàn ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Graça ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀ wá wo ilé tí bàbá wọn àgbà ti jó. Ẹ̀gbẹ́ mi ni wọn yóò jókòó sí. N kò mọ ojú tí n ó fi wò wọ́n bí ìbọn yẹn bá yọ.

11. Ó ku ohun kan. Nígbà tí mo padà délé láti St. John's, mo bá irin tuntun kan lára ilẹ̀kùn ìdáná mi, irú èyí tí wọ́n fi ń dábùú ilẹ̀kùn láti inú. Láti ọjọ́ tí bàbá Ambrose ti ṣe ilẹ̀kùn náà, kò ní kọ́kọ́rọ́, kò sì ní ìdábùú rí. Kí ọkùnrin arẹwà yẹn tó lè ti ilẹ̀kùn wa, wọ́n ní láti kọ́kọ́ lọ ra ohun tí yóò fi tì í. Mo ti tú u. Ó wà nínú àpò ìwé yìí, tòun ti àwọn ìṣó rẹ̀. Ẹ bá mi dá a padà fún Ọ̀gbẹ́ni Hale, kì í ṣe tiwa.

Mo dúpẹ́ pé ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu mi.

Èmi ni tiyín, tòótọ́tòótọ́,

Loretta Careen (Ìyáàfin),
Opó Ambrose Careen,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá, Ṣọ́ọ̀ṣì Gusset Cove.