Ẹ Má Bá Mi Wá Ẹni Tí Ẹ Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹjọ, 2025

Ìwé yìí, ìwọ nìkan ni mo lè bá sọ̀rọ̀ tí o ò ní gbọ́wọ́ lé mi lórí kí o máa gbàdúrà.

JAMB mi: 248. "Kò burú." Ohun tí gbogbo ilé yìí ń sọ nìyẹn láti oṣù karùn-ún, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ tí iyọ̀ ò tó wò. Nígbà tí Daniel ẹ̀gbọ́n mi gba 203, adìẹ ni wọ́n pa.

Mechanical Engineering ni mo yàn. V.P. ò fẹ́ ẹ. (V.P. ni Dádì mi. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n ní ìlú Ìṣẹ́, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń gbé ipò yẹn wọkọ̀ wálé sí Ìkẹ́rẹ́.) Wọ́n pè mí lẹ́yìn oúnjẹ. "Mojísọ́lá, jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ yìí bí àgbàlagbà." Tí wọ́n bá ti ní bí àgbàlagbà, wọ́n ti parí ẹ̀ nínú ara wọn nìyẹn. Wọ́n ní kí n yí i sí Physics Education. Kí n di tíṣà. Obìnrin tó bá ń ṣe tíṣà máa ń ráyè tọ́jú ilé. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀. Wọ́n tún un sọ.

Mo ní "Yes sir." Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sín wọn jẹ fún Mọ́mì, àti ikọ́, àti "bí àgbàlagbà". Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí ata fi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. Wọ́n wá ní kí n má sín bàbá mi jẹ mọ́.

Mi ò yí nǹkan kan.

Ọjọ́rú, 20 Oṣù Kẹjọ

Lẹ́sìn, kíláàsì àfikún tí a ń lọ. Newton — Ọ̀gbẹ́ni Babáfẹ́mi tó ń kọ́ wa ní fisíìsì — fi ṣọ́ọ̀kì ṣírò bí oníkálukú wa ṣe lè wọlé. Máàkì JAMB, pín in sí mẹ́jọ. Máàkì ìdánwò tí yunifásítì fúnra wọn máa ṣe fún wa, pín in sí méjì. Ro méjèèjì pọ̀. Lọ́dún tó kọjá, 66 ni Mechanical gbà.

Tèmi, 31 ti wà nílẹ̀. Ó ku kí n gba 70 nínú ìdánwò yẹn. Newton wo bọ́ọ̀dù, ó wò mí. "Ìwọ? Ìwọ tí ìdí ẹ ò lè gbé bẹ́ǹṣì kan náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún?"

Ni Joshua, tí òun náà yan Mechanical, bá dá sí i láti ẹ̀yìn: "Sà, wọ́n máa ń ṣàánú àwọn obìnrin níbẹ̀."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo gbé ohùn Newton wọ̀, mo dijú kan bó ṣe máa ń di tiẹ̀: "Joshua! Àánú wo ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń fi kílógíráàmù wọn eré sísá?" Ẹ̀rín tún bú. Precious ọ̀rẹ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́.

Newton lé mi síta. Ìta ni mo wà tí wọ́n fi kọ́ projectile tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé-ìwé mi àkọ́kọ́ ṣe lé mi ní SS2, nítorí mo fi ohùn prínsípà kéde ọlidé lórí makirofóònù. Gbogbo wọn ti dé ojú títì kí wọ́n tó mọ̀. Láti ìgbà náà, ìwé mi ò délẹ̀ dáadáa. Díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní láti rán mi létí.

Ọjọ́bọ̀, 21 Oṣù Kẹjọ

Àánú. Ṣíọ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30 Oṣù Kẹjọ

Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ kọ̀. V.P. fa okùn ẹ̀ títí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn fi tutù. Daniel, tó wálé fún ìsinmi, fà á, ó ní ó ti bàjẹ́ pátápátá, ká ta á.

Mo tú pílọ́ọ̀gì. Ó ti dúdú kanlẹ̀. Mo fi sáńdípépà ha á, mo nù ún, mo dá a padà. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fà á.

V.P. ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n jókòó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi bí ẹ́ńjìnnì ṣe le jù fún ọwọ́ obìnrin. Lábẹ́ iná tí mo tàn! Fáànù tí mo jẹ́ kó yí ń fẹ́ sí wọn lójú!

Ìyá Àgbàdo, ìyá Dádì mi, náà pè láti oko. "Ẹnjiníà kẹ̀? Uṣẹ́ ọkùnrin nì yẹn o." Mo ní ẹ kú uṣẹ́, mà. Mo gbé fóònù fún Daniel.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà Mo-Mọ̀-Wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Dókítà Olúwaṣọlá ni wọ́n ń jẹ́. Kò síbi tí wọn ò ti mọ̀ọ̀yàn: báǹkì, sẹkitéríàtì, yunifásítì. "Mo mọ̀ wọ́n níbẹ̀." Wọ́n máa ń fa "mọ̀" yẹn gùn, bí ẹni ń fa ẹran láàárín eyín. Mo lè sọ ọ́ kó bá tiwọn mu gẹ́lẹ́.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn àti V.P. dúró tì mọ́tò, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n pè mí, wọ́n béèrè nọ́ńbà JAMB mi.

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Mo fẹ́ fi máàkì mi wọlé ni. Ẹ má bá mi wá ẹni tí ẹ mọ̀."

V.P. ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Dókítà, eré ló ń ṣe." V.P. fúnra wọn ni wọ́n ka nọ́ńbà náà fún Dókítà.

Gbogbo ìgbà tí mo bá ń ṣeré, wọn kì í mọ̀. Ìgbà tí n kò bá ṣeré, eré ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣe ìdánwò yunifásítì. Mo dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ọkùnrin tó ń tò wá sórí ìlà ní, "Sístà, àwọn tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì wà ní òdìkejì." Kò tíì wo ìwé mi o. Ẹnu ń yún mi. Ohùn ẹ̀ rọrùn láti mú, imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Mo pa á mọ́ra. Lónìí nìkan.

Projectile jáde. Precious ló kọ́ mi lọ́jọ́ Sátidé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

73!!!

67.5 ni gbogbo ẹ̀. Joshua ní 66.75. Mo bi í bóyá wọ́n ṣàánú òun náà.

Newton tún un ṣírò. Ó tún un ṣírò lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní cut-off, máàkì tí wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé, lè gòkè lọ́dún yìí. V.P. ní a ò lè gbára lé e. Mọ́mì ní ká máa gbàdúrà. Kò sẹ́ni tó ní, "Mojí, o ṣe é." Àfi Precious. Ó fi bọ̀ọ̀lì kan ṣe mí lálejò.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Cut-off ti jáde. Mechanical: 66.5. Mo wọlé nìyẹn! Mo sáré wá sílé, mi ò dúró de ọ̀kadà.

V.P. ń ka ìwé ìròyìn. Mo sọ fún wọn. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Mélòó?" Mo ní 66.5. "Ó dá ẹ lójú?" Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n jáde sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń pe ẹnì kan lórí fóònù. Mo rò pé Daniel ni.

Èèyàn ò tiẹ̀ lè mú inú wọn dùn.

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá

Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀ńtà oníkọ̀ǹpútà. Gbénró lorúkọ ẹ̀. Ìka ẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹ̀ńtà, ó máa ń lu bọ́tìnnì Enter kọ̀ǹpútà bí ẹni ń gún nǹkan. Èmi àti Joshua jọ lọ yẹ CAPS wò, ibi tí JAMB ti ń sọ ẹni tó wọlé àti ohun tí wọ́n fún un.

Joshua kọ́kọ́ yẹ tiẹ̀ wò. Mechanical Engineering. Ó fò.

Tèmi. Physics Education.

Ẹ̀ńtà yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi. "Ìwọ lo yan èyí?" Mo ní rárá. "Wọ́n ti sún ẹ síbẹ̀ nìyẹn." Bọ́tìnnì méjì ló wà nísàlẹ̀: Accept, Reject. Gbà á, tàbí kọ̀ ọ́.

Joshua ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn ní, "Mojí, ṣebí máàkì ẹ ju tèmi lọ." Ì bá sàn kó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Mọ́mì ń bẹ uṣu. Mo rọ̀ wọ́n títí wọ́n fi sọ ọ́.

V.P. ni. Lọ́jọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, wọ́n bẹ Dókítà Mo-Mọ̀-Wọ́n kó bá wọn wá àyè fún mi ní Physics Education kó tó kún. Dókítà mọ̀ wọ́n lóòótọ́. Wọ́n fi orúkọ mi síbẹ̀. Ṣe ni wọ́n fà mí yọ níbi tí ẹsẹ̀ mi ti tó.

"Dádì ẹ ò rò pé o lè dé ibẹ̀ ni," Mọ́mì ní. "Kò fẹ́ kí o jókòó sílé." Fóònù ọjọ́ Ẹtì yẹn, Dókítà ni wọ́n ń pè, kó bá wọn dá a padà. Dókítà ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bẹ̀ mí? Ojú wo ni mo fẹ́ tún fi wo àwọn èèyàn yẹn?"

Nǹkan bí aago mẹ́rin, V.P. dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n padà.

Mi ò sín wọn jẹ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Gbogbo ayé ti di Newton, gbogbo wọn ń ṣírò mi. Precious: gbà á jàre, yunifásítì ni yunifásítì. Newton: gbà á, tó o bá ṣe dáadáa lọ́dún àkọ́kọ́, o lè sọdá sí Mechanical. (Mo béèrè iye ẹni tó mọ̀ tó sọdá. Ó ń wá ṣọ́ọ̀kì.) Mọ́mì: odidi ọdún kan kọ́ lèèyàn ń fi ṣeré. Ẹ̀ńtà: tó o bá kọ̀ ọ́, wọ́n lè dá ẹ padà sí Mechanical, wọ́n sì lè má fún ẹ ní nǹkan kan. Kò ní parọ́ fún mi.

Mi ò rí oorun ọ̀sán sùn. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Dókítà wá gba ọpẹ́. Mọ́mì se ìrẹsì, V.P. ra máltínà. Dókítà gbàdúrà fún "tíṣà rere, ìyàwó rere". Mo ṣe àmín. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mo lè sín èèyàn jẹ, kí n sín àwọn náà jẹ. Mo wo V.P. V.P. ń wo ilẹ̀.

Mo nà tán lórí àga: "Mo mọ̀-ọ̀-ọ̀ wọ́n níbẹ̀." Dókítà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Wọ́n ní, "Ọmọ burúkú! Ṣé o ti tẹ Accept yẹn?"

Mo fi ohùn ara mi dáhùn. "Rárá, sà. Mo tẹ Reject láàárọ̀ yìí."

Ẹ̀rín yẹn tún wá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mọ́mì gbá mi léjìká. Mo na fóònù sí V.P. Wọ́n gbé awò ojú wọ̀. Wọ́n kà á. Ẹ̀rín ń tán lẹ́nu àwọn yòókù díẹ̀díẹ̀, bí wọ́n ṣe ń rí ojú V.P.

V.P. fi fóònù mi sápò ara wọn. "Dókítà, ẹ jẹun. Ìrẹsì ń tutù."

Dókítà ò jẹ ẹ́ tán. Mọ́mì wà ní yàrá, mo mọ̀ pé wọ́n ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún kan. Bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ mi ò kábàámọ̀. Mo ti yẹ ara mi wò, mi ò kábàámọ̀.

V.P. wà ní pálọ̀, wọ́n ń bá Daniel sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Wọ́n ń béèrè ìgbà tí fọ́ọ̀mù JAMB tuntun máa jáde. Daniel sọ nǹkan kan, mi ò gbọ́ ọ. Ohùn V.P. wá lọ sókè, ohùn tí wọ́n máa ń fi pe ilé-ìwé sórí ìlà:

"Rárá, Daniel. Mechanical ni mo wí."